Kóòdù Python tó ń tan súmò tó sì ń pa á: àkọsílẹ̀ iṣẹ́, láti orí LED kan dé orí táǹkì

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nìyí. Táǹkì lítà 1000 wà lórí ìdúró irin, súmò 1 HP (ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè) wà nínú bóhòlù, ẹnì kan ló sì gbọ́dọ̀ máa rántí tan án, kó tún rántí pa á. Bó bá gbàgbé títan, omi tán nínú ilé. Bó bá gbàgbé pípa, omi á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á máa ṣàn lára ògiri, owó iná á sì máa bá a lọ.

Float switch (swíìṣì tó ń léfòó lórí omi) wà lọ́jà tó lè ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Bí ìdajì bá tó yín, ẹ rà á, ẹ má wulẹ̀ kọ kóòdù kankan. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kò mọ̀ bí bóhòlù bá gbẹ tí súmò ń lọ lásán, kò sì mọ̀ pé iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì fara balẹ̀. Torí ohun méjèèjì yìí la ṣe ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun èlò

- Raspberry Pi Pico kan, bọ́ọ̀dù kékeré tí kóòdù Python máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Dọ́là 4 ni iye tí wọ́n fi gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021. Tó bá fi máa dé ọwọ́ yín níbí, owó á ti gorí ẹ̀.
- Sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 kan (ó ń fi ohùn wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó) fún ìdánwò, àti JSN-SR04T kan tí omi kì í wọ̀ fún inú táǹkì.
- Rìléè 5V oníbọ́ọ̀dù kan (swíìṣì tí iná kékeré ń tan tó sì ń pa), transistor 2N2222 kan.
- Resistor: 330Ω kan, 1kΩ mẹ́rin.
- LED kan (gílóòbù kékeré), bọ́tìnnì kan, breadboard (pátákó tí a ń ki wáyà sí), wáyà jumper, ṣájà fóònù 5V 1A.
- Contactor (rìléè ńlá tó lè gbé mọ́tò) tí kọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ 220V, circuit breaker, àpótí oníke tí òjò kò lè wọ̀.
- Míta. Ẹni tí kò bá ní míta kó má tíì bẹ̀rẹ̀.

Owó contactor, breaker àti wáyà tó lọ sí ìdí súmò ju owó gbogbo ohun yòókù lọ. Àwọn nǹkan tó ní í ṣe pẹ̀lú Python ni wọ́n kéré jù nínú ìnáwó náà. Ohun tí àṣìṣe bà jẹ́: HC-SR04 kan, rìléè kan, àti ẹsẹ̀ kan lára Pico.

A ò lo Raspberry Pi ńlá tó ń lo káàdì SD. Iná tó ń lọ láìdágbére máa ń ba fáìlì orí káàdì jẹ́, a ò sì fẹ́ kí táǹkì omi máa dúró de kọ̀ǹpútà tó ń gbìyànjú àtijí. Pico kò ní káàdì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí iná bá dé, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: MicroPython sórí Pico

Ẹ di bọ́tìnnì BOOTSEL mú, kí ẹ tó ki okùn USB bọ kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀. Fóldà kan tó ń jẹ́ RPI-RP2 á yọ. Ẹ da fáìlì .uf2 ti MicroPython (Python fún bọ́ọ̀dù kékeré bíi Pico) sínú rẹ̀. Fóldà náà á pòórá fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Thonny, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ kóòdù, kí ẹ yan MicroPython ti Raspberry Pi Pico ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Bí RPI-RP2 kò bá yọ, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn USB. Ọ̀pọ̀ okùn tó bá ṣájà olówó pọ́ọ́kú wá, iná nìkan ló ń gbé, kò sí wáyà tó ń gbé dátà nínú rẹ̀. Okùn mẹ́ta la pààrọ̀ kí a tó rí èyí tó dára.

Bó bá jẹ́ Pico W lẹ ní, fáìlì tirẹ̀ yàtọ̀. LED orí Pico W kò sì sí lórí GP25 bíi ti Pico (GP ni orúkọ àwọn ẹsẹ̀ tí kóòdù ń darí). `Pin("LED")` lẹ máa kọ. Ẹni tó bá kọ `Pin(25)` sórí Pico W á rò pé bọ́ọ̀dù òun ti kú.

Ìgbésẹ̀ 2: LED kan àti bọ́tìnnì kan

Ẹ má fo ibí yìí torí pé ó rọrùn. Níbí lẹ ti máa mọ̀ bóyá ọwọ́ yín àti kóòdù yín ń sọ ohun kan náà.

GP15 sí resistor 330Ω, resistor sí ẹsẹ̀ gígùn LED, ẹsẹ̀ kúkúrú sí GND, ẹsẹ̀ tí iná ń gbà padà.

```
from machine import Pin
import time

ina = Pin(15, Pin.OUT, value=0)
while True:
    ina.toggle()
    time.sleep(0.5)
```

LED kò tàn nígbà àkọ́kọ́. Kóòdù dára, LED dára. Ẹsẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún la kà lára Pico tí a ki wáyà sí, bẹ́ẹ̀ GP11 nìyẹn. GP15 ni ẹsẹ̀ ogún. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ àti nọ́ńbà GP kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ tẹ àwòrán àwọn ẹsẹ̀ Pico sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì iṣẹ́.

Resistor ṣe pàtàkì. LED pupa ń jẹ nǹkan bí 2V nínú 3.3V tó ń jáde, 1.3V tó kù ni resistor 330Ω ń gbà, tí ohun tó ń ṣàn fi jẹ́ nǹkan bíi 4mA. LED tí kò ní resistor lè tàn dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Pico ló ń fìyà jẹ.

Bọ́tìnnì: ẹ̀gbẹ́ kan sí GP14, ẹ̀gbẹ́ kejì sí GND, kóòdù rẹ̀ sì ni `Pin(14, Pin.IN, Pin.PULL_UP)`. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, 0 ni yóò kà. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, 1. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé PULL_UP, nọ́ńbà á máa fò sókè sódò láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ 3: Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn omi

Sẹ́ńsọ̀ yìí máa ń ké, á sì máa gbọ́ gbohùngbohùn ara rẹ̀. Iye àkókò tí ohùn fi lọ tó fi bọ̀ ló ń sọ bí omi ṣe jìnnà tó. Iná 5V ló ń lò, a sì gba ìyẹn láti ẹsẹ̀ VBUS, ibi tí 5V okùn USB ti ń jáde lára Pico. Ẹsẹ̀ TRIG, èyí tí a fi ń ní kí sẹ́ńsọ̀ ké, lọ sí GP3 tààrà, kò léwu. ECHO, ẹsẹ̀ tó ń jábọ̀ gbohùngbohùn, ni ewu wà.

ECHO ń tú 5V jáde, Pico kò sì fẹ́ ju 3.3V lọ. A kọ́kọ́ so ó tààrà mọ́ GP4, torí pé ọ̀pọ̀ àwòrán tó wà káàkiri ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, GP4 ń ka 1 títí, kódà nígbà tí a yọ wáyà kúrò lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ti kú, kò sì lè jí mọ́. A kó lọ sí GP2.

Bí a ṣe tún un ṣe: ECHO sí 1kΩ, láti ibẹ̀ sí GP2, láti GP2 náà, 1kΩ méjì tó tẹ̀lé ara wọn lọ sí GND. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 5V ló máa dé GP2, ìyẹn 3.3V. Kí ẹ tó so GP2 rárá, ẹ yọ wáyà ECHO, ẹ fi 5V láti VBUS sí orí resistor àkọ́kọ́, kí ẹ fi míta wọn àárín. Bí ẹ bá wọn ECHO fúnra rẹ̀, bó ṣe ń yọ tó ń pòórá yára ju ohun tí míta lè rí lọ, á sì tàn yín jẹ.

```
from machine import Pin, time_pulse_us
import time

ke = Pin(3, Pin.OUT, value=0)
gbo = Pin(2, Pin.IN)

def won():
    ke.value(1)
    time.sleep_us(20)
    ke.value(0)
    t = time_pulse_us(gbo, 1, 30000)
    if t < 0:
        return None
    return t / 57
```

Lórí 57 yẹn: 58 lẹ máa rí níbi púpọ̀, ooru 20°C nìyẹn wà fún. Ohùn ń yára sí i bí afẹ́fẹ́ bá gbóná. Lọ́sàn-án níbí, ògiri tó wà ní 100 cm ń fún wa ní 98 pẹ̀lú 58. Pẹ̀lú 57, ó bọ́ sí 100. Fún táǹkì omi, 2 cm kò ba nǹkan jẹ́, àmọ́ ó dára kí ẹ mọ ibi tí àṣìṣe ti ń wá.

Tí gbohùngbohùn kò bá padà, `time_pulse_us` á dá -1 tàbí -2 padà. Kóòdù wa àkọ́kọ́ kò yẹ ìyẹn wò. Ó pín -1 sí 57, ó gba ohun tó fi díẹ̀ dín sí òdo, ó sì parí èrò sí pé táǹkì ti kún dẹ́nu. Bí sẹ́ńsọ̀ bá já, ilé kì bá tí rómi mọ́ láé.

HC-SR04 kò pẹ́ nínú táǹkì. Omi ń gbóná lọ́sàn-án, oru rẹ̀ ń rọ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí, ó sì ń kán sójú sẹ́ńsọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló kú. JSN-SR04T la fi rọ́pò rẹ̀; ojú rẹ̀ tó dojú kọ omi ti dí pa, bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà lóde nínú àpótí. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bí 25 cm lọ. Torí náà, ẹ gbé e sókè débi pé nígbà tí omi bá kún tán, àlàfo tó ju 25 cm lọ ṣì wà. Tiwa: 135 cm láti ojú sẹ́ńsọ̀ dé ìsàlẹ̀ táǹkì, 32 cm nígbà tó bá kún. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wọn tiyín. Táǹkì kò rí bákan náà.

Bó bá di pé ẹ fẹ́ fa wáyà gùn, ẹ fa ti ẹ̀gbẹ́ Pico, ìyẹn wáyà mẹ́rin. Ẹ má fọwọ́ kan okùn tó so ojú sẹ́ńsọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Odidi ọ̀sán kan ló bá 47 lọ. Ohun yòówù kí omi jẹ́, 47 cm ni sẹ́ńsọ̀ ń kà. Páìpù tí omi ń gbà wọ táǹkì ló ń rí, kì í ṣe omi: ohùn rẹ̀ kì í lọ gbọọrọ bí ìlà, ó ń fẹ̀ bí omi tó jáde lẹ́nu ṣáwà ìwẹ̀. A lu ihò mìíràn ní apá kejì ìdérí, kúrò lọ́dọ̀ páìpù àti ògiri, ó sì tán.

Ìgbésẹ̀ 4: Rìléè

Rìléè oníbọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ jù máa ń tàn nígbà tí ẹsẹ̀ IN rẹ̀ bá wà ní 0. A fún un ní 5V, a so IN mọ́ GP15, a kọ 1 kó lè kú. Kò kú dáadáa. Iná kékeré ara rẹ̀ ń tàn bàìbàì, rìléè náà ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ìdí rẹ̀: 1 ti Pico jẹ́ 3.3V, ti rìléè jẹ́ 5V, 1.7V tó wà láàárín tó láti dààmú rẹ̀.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni 2N2222. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní: base, emitter, collector. GP15 sí 1kΩ, 1kΩ sí base. Emitter sí GND. Collector sí IN rìléè. Ó wá yí padà: 1 ń tan, 0 ń pa. Ẹ tún wo oore kejì tó ṣe. Nígbà tí Pico bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní 0, transistor kò ṣí, rìléè kò sì lè ta kìjí tan súmò kí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìpinnu tí a ṣe níhìn-ín, èyí la fọwọ́ sọ̀yà lé jù: ohunkóhun tó bá kú, pípa ni kí súmò pa.

Ẹ ṣọ́ra, ẹsẹ̀ 2N2222 kò jọra láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ fi míta yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ́ìlì rìléè ń jẹ nǹkan bí 70mA, VBUS ló sì gbọ́dọ̀ fún un, kì í ṣe ẹsẹ̀ 3V3.

Ìgbésẹ̀ 5: Iná ńlá

Níbí, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. Breaker gbọ́dọ̀ wà ní pípa, kí ẹ fi míta rí i pé iná ti lọ, kí ọwọ́ tó kan wáyà.

10A 250V ni wọ́n kọ sára rìléè, súmò 1 HP kò sì jẹ tó bẹ́ẹ̀ bó bá ń lọ. Ìyẹn ló tàn wá. Nígbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń fà ń di ìlọ́po mélòó kan. Rìléè àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ra: kóòdù ní kó pa, iná ara rìléè kú, súmò ń lọ. Breaker nìkan ló dá a dúró. Rìléè kékeré kò gbọ́dọ̀ gbé súmò. Kọ́ìlì contactor ni kó máa tan, kí contactor wá gbé súmò.

Lẹ́yìn tí a fi contactor sí i, Pico ń kú ó ń jí nígbàkigbà tí contactor bá tú. Ariwo iná láti ara kọ́ìlì rẹ̀ ni. A fi 100Ω àti kapásítọ̀ 0.1µF irú X2 tó tẹ̀lé ara wọn sí orí kọ́ìlì náà, a sì gbé wáyà sẹ́ńsọ̀ jìnnà sí wáyà 220V. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Kóòdù tó ń darí gbogbo rẹ̀

Bí omi bá ń wọ táǹkì, ojú rẹ̀ ń ru. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lè jẹ́ irọ́. Ẹ̀ẹ̀meje la ń wọ̀n ọ́n, tí a tò ó, tí a mú ti àárín. Ohun tí a ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé a pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ ká tó pín in. Irọ́ kan ṣoṣo tó tóbi á fa gbogbo yòókù lọ.

Ẹ fi èyí sábẹ́ kóòdù ìgbésẹ̀ 3, kí ẹ pe fáìlì náà ní main.py, kí ẹ sì fi í sórí Pico fúnra rẹ̀. Fáìlì main.py ni Pico ń wá bó bá jí.

```
import os
from machine import WDT

OFO = 100
KUN = 32
PIPE_JU = 45 * 60 * 1000

sumo = Pin(15, Pin.OUT, value=0)
botini = Pin(14, Pin.IN, Pin.PULL_UP)

def won_daadaa():
    akojo = []
    for i in range(7):
        d = won()
        if d is not None and 22 < d < 150:
            akojo.append(d)
        time.sleep_ms(70)
    if len(akojo) < 4:
        return None
    akojo.sort()
    return akojo[len(akojo) // 2]

time.sleep(180)
wdt = WDT(timeout=8000)
nsise = False
asise = 0
ibere = 0
titi = "titi.txt" in os.listdir()

while True:
    wdt.feed()
    if titi and botini.value() == 0:
        os.remove("titi.txt")
        titi = False
    d = won_daadaa()
    if d is None:
        asise += 1
        if asise >= 5:
            sumo.value(0)
            nsise = False
    else:
        asise = 0
        if not nsise and not titi and d > OFO:
            sumo.value(1)
            nsise = True
            ibere = time.ticks_ms()
        elif nsise and d <= KUN:
            sumo.value(0)
            nsise = False
    if nsise and time.ticks_diff(time.ticks_ms(), ibere) > PIPE_JU:
        sumo.value(0)
        nsise = False
        titi = True
        with open("titi.txt", "w") as f:
            f.write("1")
    time.sleep(2)
```

Ohun tó fà á tí a fi kọ ọ́ báyìí:

OFO (iye cm sí ojú omi tí súmò fi ń tàn) àti KUN (iye tó fi ń kú) jìnnà síra. Kóòdù wa àkọ́kọ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, súmò sì ń tàn ó ń kú ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bí omi ṣe ń mì. Ìyẹn ló ń pa mọ́tò kíákíá.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni 180 yẹn. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè kéré, ó lè tún lọ kíá. Súmò tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí iná tí kò tó á kàn máa kùn, á sì máa gbóná.

PIPE_JU wà fún bóhòlù tó gbẹ. Táǹkì wa ń kún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bó bá kọjá 45 tí kò kún, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, kó tì í pa títí ẹnì kan á fi tẹ bọ́tìnnì. Inú ìrántí lásán ni títì náà wà tẹ́lẹ̀. Iná lọ, iná dé, Pico gbàgbé pé òun ti tì í, ó tún tan súmò sórí kànga gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí titi.txt fi wà. Bọ́tìnnì náà, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni kóòdù ń wò ó.

WDT ni ajá ọdẹ tó ń jí Pico bí kóòdù bá há. Kò lè kọjá 8388 lórí bọ́ọ̀dù yìí. Ẹ má fi sí i títí ẹ ó fi parí ìdánwò: bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ń dá a dúró, bọ́ọ̀dù á sì máa kú mọ́ yín lọ́wọ́ nínú Thonny. Bẹ́ ẹ bá há síbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ṣáájú WDT ni kí ẹ fi tẹ Ctrl+C.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdánwò láìsí súmò

Ẹ so gílóòbù 60W sí ibi tí súmò máa wà. Ẹ sọ 180 di 5, ẹ sọ PIPE_JU di ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi pátákó ṣe omi níwájú sẹ́ńsọ̀:

1. Pátákó ní 110 cm: gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn.
2. Ẹ sún un wá sí 60 cm: kó ṣì máa tàn.
3. 30 cm: kó kú.
4. Ẹ gbé e padà sí 60: kó má tàn.
5. Nígbà tó bá ń tàn, ẹ fa wáyà ECHO yọ: kó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15.
6. Ẹ fi í sí 110 títí ìṣẹ́jú kan á fi kọjá: kó kú. Ẹ pa iná, ẹ tan án padà: kó má tàn títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́fà yìí bá kùnà, ẹ má tíì so súmò.

Ohun tó kù tí a fi sí i kẹ́yìn ni float switch. A gbé e kọ́ sínú táǹkì ní 4 cm sókè ojú ibi tí omi ń kún dé, ìyẹn 28 cm sí ojú sẹ́ńsọ̀, a sì là á mọ́ àárín wáyà tó ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì contactor. Kò bá Pico sọ̀rọ̀, Python kò mọ̀ pé ó wà. A fọwọ́ gbé e sókè nígbà tí súmò ń lọ, contactor sì tú lójú ẹsẹ̀.